Àwòrán tí bébà kò gbà, òkè gbà á

Ilé mẹ́ta dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ibùdó omi, ti gáàsì àti ti iná mànàmáná wà ní ọ̀kánkán wọn. Kí a fa ìlà láti ibùdó kọ̀ọ̀kan dé ilé kọ̀ọ̀kan, kí ìlà kan má sì gba orí èkejì kọjá. Àdììtú yìí wà nínú ìwé tí Henry Dudeney, ará Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀ jáde lọ́dún 1917. Ẹni tó bá fẹ́ kó mú bírò: ìlà mẹ́jọ yóò ṣeé fà, ìkẹsàn-án ni yóò kọ̀ jálẹ̀. Kì í ṣe pé ọwọ́ onítọ̀hún kò dá o. Bébà ni kò gbà á.

Bí ààyè bá wà láti gba òkè, bí afárá ṣe ń gba orí títì kọjá, wàhálà tán. Ohun tó kù ni bí ibi tí a ó kó àwòrán náà sí yóò ṣe tóbi tó. Àwọn tó ń to wáyà sínú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kò fi èyí ṣeré, nítorí àyè ni owó, wáyà méjì tó bá sì fara kanra, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn.

Ká ní ìlú 100 ni, tí okùn títọ́ so ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ́ gbogbo ìyókù, tí a fẹ́ kó wọn sínú ilé alájà púpọ̀. Bí ìlú márùn-ún bá wà lórí àjà kan, okùn yóò kọlu okùn dandan. Mẹ́rin ni àjà kan lè gbà mọ, nítorí náà àjà kò gbọ́dọ̀ dín ní 25.

Robert Cohen, Peter Eades, Tao Lin àti Frank Ruskey ló fi ọ̀nà kan hàn nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1997, ọgbọ́n wọn kò sì ju ìṣirò ọmọ ilé-ìwé lọ. Ẹ jẹ́ ká mú ìlú karùn-ún. Yóò lọ síwájú ní ìṣísẹ̀ 5. Yóò lọ sí ẹ̀gbẹ́ ní 5 lọ́nà 5, ìyẹn 25. Ti gíga, 5 lọ́nà 5 lọ́nà 5 jẹ́ 125. A yọ 101 kúrò, ó ku 24. Èyíkéyìí tó bá kọjá 100 ni a ó máa yọ 101 nínú rẹ̀ títí yóò fi wálẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ 101? Nítorí pé kò sí nọ́ńbà tó lè pín in dọ́gba àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Èyí ni kò jẹ́ kí ìlú mẹ́rin bọ́ sórí pákó pẹrẹsẹ kan náà láé, bẹ́ẹ̀ okùn méjì kò lè pàdé láàárín ọ̀nà àfi bí ìlú mẹ́rin tí wọ́n so mọ́ bá wà lórí pákó kan.

Àwòrán tí bébà gbà ńkọ́? Láti 1990 ni ẹ̀rí ti wà pé bébà tó gùn ní ìṣísẹ̀ 196, tó fẹ̀ ní 98, tó fún ìlú 100. Ṣùgbọ́n bí ìlú bá di ìlọ́po méjì, bébà yóò di bí ìlọ́po mẹ́rin. Lọ́dún 2001, Stefan Felsner, Giuseppe Liotta àti Stephen Wismath bèèrè bóyá, bí a bá gba òkè, àyè náà kò ní ju ìlọ́po méjì lọ. Ọdún 18 kọjá. Ní 2019, àwọn onímọ̀ mẹ́fà, tí Vida Dujmović àti David Wood wà lára wọn, dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ni wọ́n kó ìlú sí: bí ìlú ti ń pọ̀, gígùn rẹ̀ nìkan ló ń pọ̀ sí i.

Kí ẹnikẹ́ni má tíì da bébà nù. Ìbú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà kì í yí padà lóòótọ́, àmọ́ bí ìṣirò wọn ti gbé e, ó tóbi débi pé fún ìlú 100, bébà ṣì ni kò gba àyè púpọ̀. Ìgbà tí ìlú bá di àìmọye ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ yóò tó borí.