Ìgbà wo ni ẹran kọjá? Ohun tí ọdẹ ń kà nílẹ̀

Nígbà tí ìròyìn ìwádìí kan láti Nàmíbíà jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ àwọn ọdẹ mẹ́ta ti ẹ̀yà Ju/'hoansi jà ràn-ìn. Wọ́n wo ojú ẹsẹ̀ 513 tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ sára àpáta ní òkè Doro! nawas, wọ́n sì sọ irú ẹran tó ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, akọ tàbí abo, àgbà tàbí ọmọ. Ọ̀pọ̀ wá rò pé iṣẹ́ ọdẹ tó ń tọ ipasẹ̀ kò ju kó mọ irú ẹran lọ. Ìyẹn kò le rárá. Èyí tó le ni kó mọ ìgbà tí ẹran náà kọjá.

Ẹ wo Akofodjoulè, ní ilẹ̀ àwọn Ìdáàṣà, ládùúgbò òkè Dassa-Zoumè ní Benin. Ilẹ̀ àti ewé ni ọdẹ ibẹ̀ ń wò láti mọ irú ẹran. Àgbọ̀nrín kò ní eyín iwájú lókè, nítorí náà ṣe ló máa ń fa ọ̀mùnú ewé ya. Òyà ní tirẹ̀ a gé koríko mọ́lẹ̀ bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e.

Ní ti àkókò, ọwọ́ omi ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà. Tí pátákò bá tẹ ilẹ̀ tútù, omi tó wà láàárín iyanrìn ló di etí ojú ẹsẹ̀ náà mú. Bí oòrùn ṣe ń fa omi yẹn ni iyanrìn ń ya dà sínú ihò. Ilẹ̀ tó jáde lára òkúta akọ, bíi ti Dassa, kì í lẹ̀ mọ́ra bí amọ̀, ojú ẹsẹ̀ sì tètè ń bàjẹ́ níbẹ̀, àgàgà nígbà ọyẹ́. Lábẹ́ ibòji, ó ń pẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọdẹ tó mọṣẹ́ fi máa ń tẹ ẹsẹ̀ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹran, kó lè fi tuntun wé èyí tó bá nílẹ̀. Bí ìrì bá ti gbọ̀n dànù lára koríko ní ìlà kan ṣoṣo, ẹran kọjá lẹ́yìn tí ìrì sẹ̀. Bí kòkòrò òru bá ti fi ipa tirẹ̀ gba orí ojú ẹsẹ̀ náà, ẹran ti kọjá kí kòkòrò náà tó kọjá lóru. Bí òjò bá ti lu inú rẹ̀, ẹ ka ìgbà tí òjò rọ̀ kẹ́yìn: ẹran ti kọjá ṣáájú rẹ̀.

Mo gba ti àwọn ọdẹ Nàmíbíà gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè bi agbẹ́kùúta àtijọ́ léèrè bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìdánwò tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1997, ní Nàmíbíà kan náà, níbi tí àwọn onímọ̀ ti fi ohun tí àwọn ọdẹ kà nílẹ̀ wé ohun tí wọ́n mọ̀ pé ẹran ṣe: nínú ìgbà 569, wọ́n gbà á ní ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Èmi rò pé àwọn ọdẹ Ìdáàṣà náà lè ṣe dáadáa, bí a bá dán wọn wò bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ẹran nínú igbó Monts Kouffé àti Ouémé Supérieur ní Benin, ẹ pe àwọn àgbà ọdẹ mọ́ iṣẹ́ náà, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ wọn fún wọn.