Ìbọn tí kò rú òfin ní Pennsylvania, ẹ̀wọ̀n ni ní New Jersey
Ohun tó yẹ kí ọmọ Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà mọ̀ kó tó gbé ìbọn kọjá ààlà ìpínlẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Bí òwe yìí bá bá ilẹ̀ kan mu lágbàáyé, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni. Bí ó bá sì bá nǹkan kan mu nínú ilẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ ìbọn ni. Ìpínlẹ̀ 50 ló para pọ̀ di orílẹ̀-èdè yẹn, kálukú wọn ló sì ní òfin tirẹ̀ lórí ẹni tó lè ní ìbọn, irú ìbọn tó lè ní, àti ọ̀nà tó lè gbà gbé e rìn. Ohun tí ènìyàn ń fi síbàdí lọ sọ́jà ní ìpínlẹ̀ kan, tí ẹnikẹ́ni kò ní yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, ó lè sọ onítọ̀hún di ẹlẹ́wọ̀n bí ó bá fi wa ọkọ̀ kọjá afárá kan péré.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013 ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí abiyamọ kan, ará ìlú Philadelphia ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Àwọn olè ti jà á lólè rí. Ìdí nìyẹn tó fi ra ìbọn ìléwọ́ kan, tó sì gba ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ rẹ̀ láti máa gbé e kiri. Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ kọjá sí ìpínlẹ̀ New Jersey tó wà ní òdìkejì odò, ni ọlọ́pàá ojú pópó bá dá a dúró nítorí ọ̀nà tó gbà wakọ̀. Obìnrin yìí kò purọ́, kò sì fi nǹkan kan pa mọ́. Fúnra rẹ̀ ló sọ fún ọlọ́pàá náà pé ìbọn wà lọ́wọ́ òun, pé ìwé àṣẹ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó rò pé yóò gba òun sílẹ̀ ló dè é mọ́lẹ̀. Ìwé àṣẹ Pennsylvania kò wúlò ní New Jersey, òfin New Jersey sì ti là á sílẹ̀ pé ẹni tó bá gbé ìbọn ìléwọ́ láìgbàṣẹ gbọ́dọ̀ lo ó kéré tán oṣù 42 lẹ́wọ̀n kí wọ́n tó lè ronú àtidá a sílẹ̀.

Ariwo ta lórí ọ̀rọ̀ náà káàkiri Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2014, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba gbà kí wọ́n fi obìnrin náà sínú ètò tí wọ́n là kalẹ̀ fún ẹni tí kò dẹ́ṣẹ̀ rí, ẹ̀wọ̀n sì yẹ̀ lórí rẹ̀. Ní ọdún 2015, Gómìnà Chris Christie dárí jì í pátápátá. Òun ríbi sá sí o, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá bọ́ sírú kòtò bẹ́ẹ̀ ni gómìnà máa ń na ọwọ́ sí.

ORÍLẸ̀-ÈDÈ KAN, ÒFIN ÀÁDỌ́TA

Ọmọ Nàìjíríà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà kì í tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é nílé. Ní Nàìjíríà, òfin kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe ní ọdún 1959 ló de ọ̀rọ̀ ìbọn láti Èkó títí dé Màídúgùrì. Òfin náà pín ìbọn sí ọ̀nà-ọ̀nà: ìbọn ìléwọ́ wà lára èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ní àfi bí Ààrẹ bá fún un láṣẹ, ìbọn ìṣọdẹ ti ìgbàlódé àti ṣakabùlà náà sì ní ìwé àṣẹ tiwọn. Ìwé tí ọdẹ bá gbà lábẹ́ òfin náà, láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ni agbára rẹ̀ ti wá.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀tọ̀ ni. Láti ọdún 1791 ni wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé òfin ilẹ̀ wọn pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀tọ́ àtiní ìbọn lọ́wọ́ ará ìlú. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀tọ́ náà yóò ṣe rí lójoojúmọ́, ọwọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà. Lónìí, ó lé ní ìdajì àwọn ìpínlẹ̀ náà tí àgbàlagbà tí kò ní ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn ti lè gbé ìbọn ìléwọ́ sábẹ́ aṣọ láìgba ìwé kankan. Texas àti Georgia wà lára wọn. Ìpínlẹ̀ Virginia gba ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ mìíràn wọlé. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn kúrò ní Virginia kó bọ́ sí Maryland, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí jọjọ, ìwé kan náà ti di bébà lásán, nítorí Maryland kò ka ìwé ìpínlẹ̀ kankan sí àyàfi tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni New York àti New Jersey.

Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ ti yí padà láti oṣù kẹfà ọdún 2022, nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà fagi lé òfin New York tó ní kí ẹni tó ń tọrọ ìwé àṣẹ ìbọn sọ ìdí pàtàkì tó fi fẹ́ ẹ. Lóòótọ́ ni ìdájọ́ yẹn mú kí ìwé náà rọrùn díẹ̀ láti gbà. Ṣùgbọ́n kò sọ pé kí ìpínlẹ̀ kan máa gba ìwé ìpínlẹ̀ mìíràn. Ẹni tó bá fi ìdájọ́ náà gbẹ́sẹ̀ lé ọ̀nà, ó di ọwọ́ rẹ̀.

ILẸ̀KÙN TÍ ÒFIN ỌDÚN 1986 ṢÍ

Ṣé kò wá sí bí ènìyàn ṣe lè gbé ìbọn rẹ̀ kọjá ni? Ó wà. Lẹ́yìn tí wọ́n pa Martin Luther King àti Robert Kennedy ní ọdún 1968, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin tó le lórí títa àti rírà ìbọn. Nígbà tó di ọdún 1986, Ààrẹ Ronald Reagan fọwọ́ sí òmíràn tó dáàbò bo àwọn tó ní ìbọn lọ́nà tó tọ́. Inú rẹ̀ ni ẹsẹ̀ òfin tó kan arìnrìn-àjò wà, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 926A.

Ohun tí ẹsẹ̀ òfin náà sọ kò ṣòro. Bí ènìyàn bá ní ẹ̀tọ́ sí ìbọn rẹ̀ níbi tó ti ń bọ̀, tó sì ní ẹ̀tọ́ sí i níbi tó ń lọ, ó lè gbé e la ìpínlẹ̀ tó wà láàárín kọjá, kódà bí òfin ìpínlẹ̀ náà bá kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àdéhùn kan wà níbẹ̀. Ọta kò gbọ́dọ̀ sí nínú ìbọn náà. Ìbọn àti ọta kò gbọ́dọ̀ sí níbi tí ọwọ́ awakọ̀ tàbí èrò inú ọkọ̀ ti lè tó wọn; búùtù ni ààyè wọn. Bí ó bá jẹ́ jíìpù tàbí bọ́ọ̀sì tí kò ní búùtù tó dá dúró, inú àpótí tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì ni kí wọ́n wà. Àpótí kékeré tó wà níwájú ọkọ̀, tí awakọ̀ ń kó ìwé ọkọ̀ sí, àti èyí tó wà láàárín ìjókòó méjèèjì, òfin kò kà wọ́n sí, ì báà jẹ́ pé wọ́n ní kọ́kọ́rọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀nà márosẹ̀ I-95 ṣàpẹẹrẹ. Ẹni tó bá ń ti Georgia lọ sí New Hampshire yóò gba Maryland, New Jersey àti New York kọjá. Bí ó bá ti tẹ̀lé àdéhùn wọ̀nyí, òfin ìjọba àpapọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé New York gan-an ló ń lọ láti lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí kò sì ní ìwé àṣẹ New York, kò sí ààbò kankan fún un. Ohun tó tún yẹ kó mọ̀ ni pé lójú òfin New York, ìbọn tí ọta kò sí nínú rẹ̀ lè di ìbọn tó lọ́ta bí ọta tó bá a mu bá wà lọ́wọ́ ẹni kan náà.

IBI TÍ ẸSẸ̀ TI Ń YỌ̀

Òfin náà dá lórí ẹni tó ń kọjá lọ. Kò dá lórí ẹni tó yà sùn. Ohun tó kọ́ ọkùnrin kan, ará ìpínlẹ̀ Utah, lọ́gbọ́n nìyẹn ní ọdún 2005. Pennsylvania ló ń lọ, ó ti fi ìbọn rẹ̀ hàn ní pápákọ̀ òfuurufú tó ti wọkọ̀, ó sì ti tì í sínú ẹrù. Àfi bí ìrìn-àjò náà ṣe dojú rú ní Newark, ní New Jersey. Ọkọ̀ tó yẹ kó gbé e lọ já a sílẹ̀, ni ó bá gba ẹrù rẹ̀, ó sì fi hòtẹ́ẹ̀lì sùn mọ́jú. Nígbà tí ó padà sí pápákọ̀ lọ́jọ́ kejì, tó sì tún fi òtítọ́ inú sọ pé ìbọn wà nínú ẹrù òun, wọ́n mú un. Ó sùn sí àtìmọ́lé. Nígbà tó yá, wọ́n fagi lé ẹ̀sùn náà, ó sì pe àwọn tó mú un lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2010, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó wà ní Philadelphia dá a lẹ́bi: òru ọjọ́ yẹn, ẹrù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìbọn náà sì wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó o.

Àwọn adájọ́ náà gbà pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà ṣeni láàánú, wọ́n sì sọ ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ṣe: kó má gba ẹrù náà sọ́wọ́, kó kọ́kọ́ lọ bá ọlọ́pàá tàbí òṣìṣẹ́ pápákọ̀, kó sì ṣàlàyé. Ẹ̀kọ́ ńlá ni fún ẹni tí ìrìn-àjò rẹ̀ bá dojú rú lójijì.

ÒFUURUFÚ, OJÚ IRIN ÀTI BỌ́Ọ̀SÌ

Ní ti ọkọ̀ òfuurufú, ìbọn kò gbọ́dọ̀ bá ènìyàn dé ibi ìjókòó. Inú ẹrù tí wọ́n ń kó sí abẹ́ ọkọ̀ ni í gbé, nínú àpótí líle tí wọ́n tì pa, láìsí ọta nínú rẹ̀, olówó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń gba ẹrù. Síbẹ̀, lọ́dún 2023 nìkan, àjọ TSA tó ń ṣọ́ pápákọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà bá ìbọn 6,737 nínú báàgì ọwọ́ àwọn èrò, ọta sì wà nínú 93 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n bá a lọ́wọ́ wọn ní àwọn gbàgbé ni. Ìgbàgbé kò ní kí owó ìtanràn má tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là.

Ọkọ̀ ojú irin Amtrak ti ń gba ìbọn láti ìparí ọdún 2010, ṣùgbọ́n inú ẹrù tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ nìkan ni, èrò sì gbọ́dọ̀ fi tó wọn létí ó kéré tán wákàtí 24 ṣáájú. Bọ́ọ̀sì Greyhound ní tirẹ̀ kì í gba ìbọn rárá.

ẸNI TÓ Ń KÓ LỌ PÁTÁPÁTÁ

Ẹni tó ń ṣí kúrò ní ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn ní láti béèrè òfin ibi tó ń lọ kó tó di ẹrù. Ní California, ọjọ́ 60 péré ni àlejò tuntun ní láti fi ìbọn rẹ̀ tó ìjọba létí. Ní New York, ìwé àṣẹ ni yóò ṣáájú ìbọn ìléwọ́ wọlé, kì í ṣe ìbọn ni yóò ṣáájú ìwé. Ìpínlẹ̀ méjèèjì yìí àti New Jersey ló fòfin de àgbá ọta tó bá gbà ju ọta mẹ́wàá lọ. Ẹ sì kíyè sí i pé kò tọ́ kí ènìyàn fi ìbọn rẹ̀ ta àbúrò tó ń gbé ìpínlẹ̀ mìíràn lọ́rẹ bẹ́ẹ̀ lásán. Ọ̀dọ̀ oníṣòwò ìbọn tí ìjọba fọwọ́ sí ni irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà kọjá.

ÈYÍ TÓ KAN ỌMỌ YORÙBÁ JÙ

Ohun tó wà nínú ewu fún ọmọ onílẹ̀, ẹ̀wọ̀n àti owó ni. Fún ẹni tó ti òkèèrè lọ, ilé tó ti kọ́ àti ọmọ tó ti bí síbẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹni tó fi físà ìbẹ̀wò tàbí ti ilé ẹ̀kọ́ wọ Amẹ́ríkà kò ní ẹ̀tọ́ àtiní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àyàfi ní ìwọ̀nba ọ̀nà bí i kó ní ìwé àṣẹ ìṣọdẹ tí ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀ fún un. Ẹni tó bá ní gíríìnì káàdì lè ní ìbọn bí ọmọ ìlú. Àmọ́, òfin ìwọ̀lú Amẹ́ríkà sọ pé bí ilé ẹjọ́ bá dá ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú lẹ́bi pé ó gbé ìbọn lọ́nà tó lòdì sí òfin, wọ́n lè lé e kúrò nílùú, iye ọdún yòówù tí ì báà ti lò níbẹ̀. Kódà, kí ènìyàn jẹ́wọ́ ẹ̀bi kí wọ́n lè dín ìyà rẹ̀ kù, ìjẹ́wọ́ náà lè tó fún lílé e. Nítorí náà ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi pa á láṣẹ ní ọdún 2010 pé lọ́yà gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ewu yìí fún oníbàárà rẹ̀ tí kì í ṣe ọmọ ìlú, kí ó tó jẹ́wọ́ ohunkóhun.

Ẹni tó bá fẹ́ rìn láìsí ìfòyà, kó wo òfin gbogbo ìpínlẹ̀ tí yóò là kọjá kó tó gbéra. Kó yọ ọta, kó ti ìbọn pa, kó gbé e sí búùtù. Kó má yà kiri, kó má sì sùn sójú ọ̀nà bí kò bá pọn dandan. Bí ọ̀nà náà bá sì díjú jù fún un, kó fi ìbọn sílé, kó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun.