Bátìrì Ọkọ̀ Nígbà Ọyẹ́ ní Tafo, Kumasi

Láti ìparí oṣù Bélú títí wọ Èrèlé ni ọyẹ́ máa ń fẹ́ láti aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí ilẹ̀ Àṣáńtì. Ní Tafo tó wà lọ́nà Mampong ní Kumasi (ẹ má ṣì í mú fún Tafo ti ìhà Ìlà-Oòrùn Gánà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí kòkó), ọ̀sán a máa mú ganrínganrín, òwúrọ̀ a sì tutù. Àsìkò yìí ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń kọ̀ tí wọn kì í fẹ́ jí. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, iná dáṣíbọọ̀dù tàn, ẹ́ńjìnnì kàn ń kérora. Ọyẹ́ ni gbogbo ayé ń bú. Ẹ̀bi ọyẹ́ kò tó nǹkan níbẹ̀.

Ooru ló ti pa bátìrì yẹn, láti oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà tó kọjá, nígbà tí ọ̀sán Kumasi ń lọ sí nǹkan bíi 33°C, tí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì sì gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Òjé àti áásíìdì ló wà nínú bátìrì ọkọ̀, irú èyí tí Gaston Planté ará Faransé kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1859. Yàrá mẹ́fà ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú fólítì 2.1 wá. Bí ooru bá ti pọ̀, omi inú rẹ̀ a máa fà, áásíìdì a sì máa jẹ òjé náà. Ìṣirò àwọn oníṣẹ́ bátìrì ni pé bí ooru bá fi nǹkan bí ìwọ̀n 10 lé sí i, ọjọ́ orí bátìrì a fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí ìdajì.

Òtútù ní tirẹ̀ kàn ń mú kí bátìrì lọ́ra ni. Ní 0°C, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára rẹ̀ ni kò ní sí lárọ̀ọ́wọ́tó. Ní -18°C, ó lè ku ìdajì, bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ti ki bí ògì. Ìyà àwọn ènìyàn wa tó wà ní Chicago àti Toronto nìyẹn. Níbẹ̀, bátìrì tó kún lè fara da òtútù dé -50°C kó má dì, ṣùgbọ́n èyí tí agbára rẹ̀ ti tán lè di yìnyín ní nǹkan bíi -10°C kí ara rẹ̀ sì là. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣáàjì bátìrì tó ti dì. Òtútù Tafo kò sún mọ́ èyíkéyìí nínú wọn. Bátìrì tí ara rẹ̀ le kò ní mọ̀ pé ọyẹ́ dé. Èyí tó bá dá iṣẹ́ sílẹ̀ láàárọ̀ oṣù Ọ̀pẹ, ó ti ń kú bọ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Nítorí náà, oṣù Bélú ni kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ sùn mọ́jú, kí ẹ tó fi mítà sí i. Bó bá fi fólítì 12.6 hàn, ó kún, 12.2 jẹ́ ìdajì. Bó bá wálẹ̀ sí 12.0, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí mítà wà láàárín 13.8 sí 14.5, bí kò bá débẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ alternator (ẹ̀rọ tó ń ṣáàjì bátìrì) tàbí bẹ́líìtì rẹ̀ ló níṣòro, kì í ṣe bátìrì. Ẹ kò ní rìn jìnnà kí ẹ tó rí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Suame Magazine wà nítòsí, ọgbà àwọn fítà, bí wọ́n ti ń pe mẹkáníìkì ní Gánà. Ilé ìkó-ohun-ìjà kan ló fún un ní orúkọ, ọdún 1980 sì ni yunifásítì KNUST dá ibùdó ITTU sílẹ̀ síbẹ̀ láti máa ran àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lọ́wọ́.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń bu áásíìdì sínú bátìrì tó gbẹ. Omi ló fà lọ, áásíìdì kì í fà. Omi dísítíìlì nìkan ni kí ẹ fi kún un, kó bo òjé inú rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, kó má kún dé ẹnu. Omi kànga àti omi ẹ̀rọ ní èròjà tó ń ba òjé jẹ́. Èyí tí wọ́n lẹ̀ pa kò ní ìdérí tí à ń ṣí, ẹ fi í sílẹ̀.

Eruku ọyẹ́ náà ní tirẹ̀. Bó bá pọ̀ lórí bátìrì, tí ìrì tàbí oru áásíìdì sì rin ín, iná díẹ̀díẹ̀ a máa gbà á kọjá láti orí kan sí èkejì ní gbogbo òru. Ẹ fi aṣọ tí ẹ rì sínú omi tí ẹ po béékìn-sódà sí nù ún, kí ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa orí méjèèjì. Bí ẹ bá fẹ́ tú wáyà rẹ̀, nẹ́gétíìfù lẹ máa kọ́kọ́ tú. Òun náà lẹ máa dè kẹ́yìn.

Trótrò, ìyẹn bọ́ọ̀sì akérò, tó ń ná Tafo sí Kejetia láàárín ìlú látàárọ̀ dalẹ́ kì í sábà ní ìṣòro àìkún bátìrì. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, pẹ̀lú éésì àti rédíò nínú gó-sílóò, ló ń ná agbára bátìrì ju èyí tó ń dá padà sínú rẹ̀.

Bó bá di dandan kí ẹ fi bátìrì ọkọ̀ mìíràn jọ́ọ̀mpù tiyín, ojú irin ẹ́ńjìnnì tó jìnnà sí bátìrì ni kí ẹ fi wáyà dúdú tó kẹ́yìn kọ́, nítorí afẹ́fẹ́ háídírójìn tó ń jáde lára bátìrì a máa gbaná. Kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá níbẹ̀.

Bátìrì tókùnbọ̀ ńkọ́? Èmi kì í rà á. Nílẹ̀ olóoru, tuntun gan-an sábà máa ń lo ọdún méjì sí mẹ́ta péré. Èyí tó bá ti kú, ẹ má da áásíìdì rẹ̀ sí gọ́tà, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé rẹ̀, torí òjé a máa ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ẹ gbé e lódidi lọ síbi tí ẹ ti fẹ́ ra tuntun. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà a máa yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ máa san.