Ìrì Dídì Lórí Máàsì

Ọ̀rọ̀ ìrì dídì kò ṣàjèjì sí wa nínú ìwé tí à ń kà, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wa ni ó tí ì fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ìrì tiwa kì í dì. Bí ọyẹ́ ti wù kí ó mú tó, omi ni í máa jẹ́ lórí koríko títí oòrùn yóò fi gbé e lọ. Ní ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, òtútù a máa sọ ọ́ di funfun kí ilẹ̀ tó mọ́, bí ẹni pé a wọ́n iyọ̀ sórí pápá. Ìrì dídì tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níhìn-ín jìnnà ju ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Èyíinì ni èyí tí ń bọ̀ tí ó sì ń lọ ní àkókò rẹ̀ lórí Máàsì, ìràwọ̀ pupa nì, tí òun pẹ̀lú ń yí oòrùn ká bí ayé wa. Ó yẹ kí àwa tí à ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ mọ̀ ọ́n, nítorí pé bí ọmọdé bá bi wá léèrè, ìdáhùn tí ó kọ́kọ́ wá sí ẹnu wa kò ní jẹ́ èyí tí ó tọ́.

Máàsì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan gẹ́gẹ́ bí ayé wa ti fì, nítorí náà ó ní ìgbà òtútù àti ìgbà ooru. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 687 ni ọdún kan rẹ̀ ní ìṣirò tiwa. Ẹni tí ó bá fi awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn wò ó yóò rí àmì funfun ní òpin àríwá rẹ̀ àti ní òpin gúúsù. Bí ìgbà òtútù bá wọlé, funfun náà a gbòòrò. Bí ooru bá dé, a súnkì. William Herschel, ọmọ Jámánì tí ó fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ibùgbé, kọ ọ́ ní ọdún 1784 pé yìnyín àti òjò dídì ni. Ta ni ìbá sọ ohun mìíràn? Ohun funfun tí òtútù mú wá, tí ooru sì lé lọ, kí ni ìbá tún jẹ́ bí kò ṣe omi? Èrò yìí sì bí èrò mìíràn. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, Percival Lowell, ará Amẹ́ríkà, kéde pé àwọn ẹ̀dá ọlọ́gbọ́n kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ipa odò gbọọrọ láti fa omi yìnyín náà wá sí ilẹ̀ wọn gbígbẹ. Ó kọ ìwé lórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà á gbọ́. Kò sí ẹni tí ó gbẹ́ ohunkóhun níbẹ̀.

Ní ọdún 1965, ọkọ̀ Mariner 4, tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Máàsì, a sì rí i pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́ gidigidi. Kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tiwa. Ní ọdún kejì, Robert Leighton àti Bruce Murray jókòó ti ìṣirò: báwo ni òtútù yóò ti pọ̀ tó ní òpin Máàsì nígbà tí oòrùn kò bá yọ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù? Wọ́n rí i pé yóò tó nǹkan bí ìwọ̀n 125 sí ìsàlẹ̀ òdo, bẹ́ẹ̀ ni omi a máa dì ní òdo gan-an. Nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ Máàsì kò lè jẹ́ afẹ́fẹ́ mọ́. Ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni kábọ́nì dayọ́ksáìdì, èyí tí à ń mí síta láti inú àyà wa, tí ó sì ń hó nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Òun ni ń dì, tí ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, tí ó sì ń funfun. Nígbà tí Mariner 7 wọn òtútù òpin gúúsù ní ọdún 1969, ohun tí ó bá níbẹ̀ bá ìṣirò wọn mu.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí ó yà wá lẹ́nu ju gbogbo ìyókù lọ. Àwọn ọkọ̀ Viking méjèèjì gúnlẹ̀ sí Máàsì ní ọdún 1976, wọ́n sì ń wọn ìwúwo afẹ́fẹ́ lójoojúmọ́. Wọ́n rí i pé ó ń dínkù, ó sì tún ń pọ̀ sí i, bí ìgbà ti ń yí; ìyàtọ̀ rẹ̀ sì tó nǹkan bí ìdámẹ́rin. Bí ẹni pé ọyẹ́ ọdọọdún ń kó ìdá kan nínú mẹ́rin afẹ́fẹ́ tí à ń mí, tí ó ń lọ tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹní ní ilẹ̀ òkèèrè, tí ó sì ń dá a padà lẹ́yìn oṣù mélòó kan! Bí ó bá sì ń padà, kì í kọ́kọ́ di omi. Gbogbo wa ni a mọ kánfọ̀ tí àwọn ìyá wa ń fi sí àárín aṣọ nínú àpótí, bí ó ti ń kéré sí i láìjẹ́ pé aṣọ tutù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ní apá gúúsù, ibòmíràn wà tí ìdì náà mọ́ gaara bí gíláàsì. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn a gbà á kọjá, a mú ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ a sì kóra jọ sábẹ́ rẹ̀ títí yóò fi bẹ́ jáde pẹ̀lú eruku dúdú. Ojú ibi tí ó gbà lábẹ́ ìdì náà ń fi ipa sílẹ̀ bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn.

Síbẹ̀ Herschel kò ṣìnà pátápátá. Bí afẹ́fẹ́ dídì bá ti lọ tán ní àríwá, yìnyín omi ni ó kù síbẹ̀ títí ìgbà ooru fi parí. Viking kejì sì ya àwòrán ìrì dídì tí ó jẹ́ ti omi lórí àwọn òkúta tí ó yí i ká. Ó fẹ́lẹ́ ju ìwé lọ, ó sì pẹ́ tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Ní ọdún 2024, a kéde pé a rí irú rẹ̀ lórí òkè Olympus Mons, nítòsí àárín gbùngbùn Máàsì níbi tí ẹnikẹ́ni kò retí rẹ̀. Òwúrọ̀ ni ó ń wà níbẹ̀; kò ní pẹ́ lẹ́yìn tí oòrùn bá yọ tí yóò fi pòórá.

Èyí tí ó jẹ́ ti afẹ́fẹ́ ni ó le. Ọkọ̀ Phoenix gúnlẹ̀ sí àríwá Máàsì ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2008. Ó wa ilẹ̀, ó rí yìnyín, ó sì rí òjò dídì tí ń bọ́ láti inú ìkúùkù. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ìmọ́lẹ̀ oòrùn kò tó fún un mọ́, ó sì dákẹ́. Nígbà tí ìgbà òtútù ti kọjá, a pè é títí, kò dáhùn. Ní ọdún 2010, ọkọ̀ mìíràn tí ń fò yí Máàsì ká ya àwòrán rẹ̀ láti òkè: òjìji rẹ̀ ti kéré sí ti àtẹ̀yìnwá. Àwọn tí ó yẹ àwòrán náà wò sọ pé ó jọ pé apá rẹ̀ tí fi ń gba oòrùn ti tẹ̀ tàbí kí ó ti ṣẹ́, lábẹ́ ìwúwo afẹ́fẹ́ tí ó dì lé e lórí.