Owó Iṣẹ́ Wa àti Ìjà Tó Bí I

“Èmi kì í ṣe fẹ́míníìsì o, mo ń bọ̀wọ̀ fún ọkọ mi.” Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá Yorùbá tí a jọ ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Prince George's County, Maryland níbí. Àwọn kan náà ló ń ṣiṣẹ́ òru wákàtí méjìlá, tí wọ́n ń san owó ilé, tí wọ́n tún ń fowó ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Ẹ̀yin ìyá mi, ìjà ẹ̀tọ́ obìnrin ló la ọ̀nà tí ẹ ń tọ̀ yìí.

Tí ẹnikẹ́ni bá ní àṣà òyìnbó ni, kí ó rántí Abẹ́òkúta. Àwọn obìnrin ọjà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú kọ owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn, títí Aláké Adémọ́lá fi sọ̀ kalẹ̀ lórí oyè ní 1949. Lápá ìhín, òfin Amẹ́ríkà ti fún obìnrin lẹ́tọ̀ọ́ ìbò láti 1920, síbẹ̀ ilé aṣòfin Maryland kò fọwọ́ sí i títí di 1941. Lónìí, ẹ wo káúńtì wa. Angela Alsobrooks di obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣàkóso rẹ̀ lẹ́yìn ìbò 2018. Ní 2024 ó wọlé sí ilé aṣòfin àgbà ní Washington, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí Maryland yàn síbẹ̀. Obìnrin mìíràn, Aisha Braveboy, ni a dìbò yàn sípò olórí káúńtì ní 2025.

Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ ló ká mi lára jù. Nígbà tí mo dé, ẹni tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́ béèrè iye tí mò ń gbà tẹ́lẹ̀. Mo sọ ọ́, ó fi ṣẹ́ńjì díẹ̀ lé e. Ẹni tí wọ́n ti rẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀kan, iye ìrẹ́jẹ náà ni wọ́n á máa fi díwọ̀n rẹ̀ kiri. Láti oṣù kẹwàá 2020, òfin Maryland ti ka irú ìbéèrè yẹn léèwọ̀. Láti oṣù kẹwàá 2024, ìkéde iṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ iye tí owó rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó dé. Òfin 2018 tún wà: ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fúnni ní wákàtí ìsinmi kan, owó á sì wọlé, fún ọgbọ̀n wákàtí téèyàn bá ṣe. Ìyá lè fi tọ́jú ọmọ tó ń ṣàìsàn. Obìnrin tí wọ́n ń lù nílé lè fi lọ sí kóòtù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún ara yín!

Èyí tó kù pọ̀. Nínú ilé, ẹni tó ti ibi iṣẹ́ òru dé láàárọ̀ náà ló ń gbé ìkòkò kaná. Òfin ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjìlá pẹ̀lú owó fún abiyamọ, 2022 ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n sì ti sún un di 2028. Oṣù kìíní ọdọọdún ni àwọn aṣòfin Maryland máa ń péjọ ní Annapolis. Mo fẹ́ kí àwa nọ́ọ̀sì Yorùbá kún ibẹ̀, kí wọ́n má tún sún un.