Íápíìsì inú etí àbí hẹ́ẹ̀dìfóònù tó ń bo etí: ibi téèyàn ti fẹ́ lò ó ló yẹ kó kọ́kọ́ rò

Bí èèyàn bá dé Computer Village n'Ikẹja pé òun fẹ́ ra ohun tí òun yóò máa fi gbọ́ orin lórí fóònù, iye tó fẹ́ ná ni òǹtajà yóò kọ́kọ́ bi í. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni ibi tó ti fẹ́ máa lò ó. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín íápíìsì kékeré tí wọ́n ń kì sínú ihò etí àti hẹ́ẹ̀dìfóònù ńlá tó ń bo gbogbo etí kọjá ọ̀rọ̀ owó, ó kan ìlera etí fúnra rẹ̀.

Èyí ńlá ti pẹ́ láyé. Lọ́dún 1910 ni Nathaniel Baldwin, ará ìpínlẹ̀ Utah l'Amẹ́ríkà, ṣe irú rẹ̀ tó tà fún àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ náà. Ní 1958, John Koss ṣe èyí tí wọ́n fi ń gbọ́ orin sítẹ́rió nílùú Milwaukee. Èyí kékeré wá gbòde lẹ́yìn tí iPod jáde ní 2001, nígbà tó sì di ìparí 2016 tí AirPods dé, okùn bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nídìí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí hẹ́ẹ̀dìfóònù ṣe tóbi tó yìí, ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ dára ju ti íápíìsì lọ. Kò fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, awọ tó ń gbọ̀n nínú hẹ́ẹ̀dìfóònù sábà máa ń fẹ̀ tó mìlímítà 40, nígbà tí ti íápíìsì kì í sábà ju mìlímítà 6 sí 12 lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ inú ihò etí ni íápíìsì ní láti mì, ìyẹn kò sì le fún un. Àlàfo ni ọ̀tá rẹ̀. Bí rọ́bà ẹnu rẹ̀ kò bá dí ihò etí dáadáa, ohùn béèsì àti ìlù ńlá yóò sá gba ibẹ̀ jáde, èyí tó kù yóò wá máa han-ni létí bíi ti ẹ̀fọn. Àìmọye íápíìsì ni wọ́n ti pè ní fééèkì tó jẹ́ pé rọ́bà tó wà lẹ́nu rẹ̀ ni kò bá etí olówó rẹ̀ mu. Oríṣi rọ́bà mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú páálí, ṣùgbọ́n páálí náà ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ jù nù. Hẹ́ẹ̀dìfóònù náà kò bọ́ lọ́wọ́ àlàfo yìí: apá awò ojú, gèlè tàbí irun dídì tó bá há sábẹ́ tìmùtìmù rẹ̀ yóò ṣe ohùn béèsì rẹ̀ báṣubàṣu.

Ibi tí èyí ńlá ti gbayì jù ni pé ìta etí ni ohùn rẹ̀ ti ń wọlé, bí gbogbo ohùn ayé ṣe ń ṣe. Ẹni tó bá fi í gbọ́ orin King Sunny Adé yóò lè máa yan àwọn gìtá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ti íápíìsì, àárín orí ni gbogbo wọn máa ń pàdé sí.

Ariwo ìta ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó jókòó nínú dánfó tí ẹ́ńjìnnì ń bú, tí kọ̀ǹdọ́ ń pe "Ọ̀ṣòdì, Ọ̀ṣòdì", kì í mọ ìgbà tí òun gbé ohùn orin sókè. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn ariwo, ó kàn fẹ́ kí orin borí ti ìta ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé wákàtí 40 lọ́sẹ̀ lèèyàn lè fi gbọ́ ohùn tó wà ní dẹ̀síbẹ̀lì 80 láìséwu, ṣùgbọ́n bó bá dé 90, wákàtí mẹ́rin péré ni lọ́sẹ̀. Àwọn irun tíntìntín inú etí tó ń gba ohùn kì í hù padà bí wọ́n bá ti kú. Nítorí náà, èyí tó bá dí etí jù lọ ló dára nínú ọkọ̀, ìyẹn íápíìsì onírọ́bà tó bá etí mu. Èyí tó kàn rọ̀ sẹ́nu etí láìní rọ́bà ló burú jù níbẹ̀. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn létí títì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò létí ná, nítorí fèrè ọ̀kadà.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ pa ariwo. Amar Bose ló ro èrò náà nínú bàálù nígbà tó ń bọ̀ láti Zürich ní 1978. Gbohùngbohùn kékeré ara rẹ̀ máa ń gba ariwo ìta, ẹ̀rọ yóò sì ṣe ohùn tó jẹ́ òdì-kejì rẹ̀, kí méjèèjì lè pa ara wọn. Ariwo tó ń dún bákan náà láìdáwọ́ dúró, bíi ti ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò, ló ń pa jù. Ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti ìrọ̀rùn, hẹ́ẹ̀dìfóònù tó wúwo tó gíráàmù 250 kò ṣòro fún orí lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Nínú ooru, láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, òógùn á ti máa ṣàn létí. Íápíìsì kò ní wàhálà yìí, àmọ́ ó lè máa ti ìdọ̀tí etí wọnú, ìró ẹsẹ̀ àti ohùn olówó rẹ̀ á sì máa dún kìì létí ara rẹ̀. Kò yẹ kí wọ́n máa yá a lò.

Lórí owó, íápíìsì olókùn ló dínwó jù, ìdí ibi tí wọ́n ń kì bọ fóònù ló sì sábà máa ń já. Hẹ́ẹ̀dìfóònù wọ́n jù ú lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ló ṣeé yí okùn àti tìmùtìmù rẹ̀ padà. Aláìlókùn kékeré ló yẹ kéèyàn rò dáadáa kó tó ná owó ńlá lé: bátìrì inú rẹ̀ kéré púpọ̀, agbára rẹ̀ máa ń dín kù bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ṣàṣà sì ni ẹni tó lè tú u láti pààrọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀kan bá sì já bọ́ sínú gọ́tà, orí ẹyọ kan ni yóò kù.