Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ àìnírètí fi ń tà lórí tẹlifíṣọ̀n?

Nínú eré True Detective, tí HBO bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2014, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjì, Marty àti Rust, jókòó sínú ọkọ̀ ní Louisiana. Wọ́n ń ti ibi tí wọ́n ti rí òkú obìnrin kan bọ̀. Marty bi Rust pé kí ló gbà gbọ́ ná. Rust ní àṣìṣe ni làákàyè tí ènìyàn ní. Ó ní ohun tó yẹ wá ni ká ṣíwọ́ ọmọ bíbí títí a ó fi tán láyé. Létí àwa tí à ń ṣàdúrà pé ẹ̀yìn ìyàwó ò ní mẹní, èpè gbáà ni. Marty pàápàá ní kó panu mọ́ nínú ọkọ̀.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ Rust ni àwọn òǹwòran ń sọ kiri. Nic Pizzolatto, tó kọ eré náà, ò fi pa mọ́ pé òun ka ìwé Thomas Ligotti, ará Amẹ́ríkà tó ń kọ ìtàn abanilẹ́rù. Ligotti náà sì jẹ Peter Wessel Zapffe, ọmọ Norway, ní gbèsè èrò púpọ̀. Schopenhauer, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ará Jámánì, ti ṣáájú gbogbo wọn: ní tirẹ̀, bí a bá ń fẹ́ nǹkan, ìyà ni, bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́ tán, ó di ohun tó ń súni.

Zapffe ló wù mí jù. Apọ́nkè ni, kò sì bímọ. Nínú àròkọ kan tó gbé jáde ní 1933, ó ní làákàyè wa ti pọ̀ ju agbára wa lọ, bí ìwo tó tóbi títí tó fi tẹ àgbọ̀nrín mọ́lẹ̀. Kí ló wá ń jẹ́ ká lè máa gbáyé? Ó ka ọ̀nà mẹ́rin: à ń lé èrò burúkú kúrò lọ́kàn, à ń so ara wa mọ́ ẹ̀sìn, ẹbí àti ìlú, à ń fi eré àti ìgbòkègbodò gbé ọkàn wa kúrò níbẹ̀, àwọn díẹ̀ sì ń sọ ìrora di iṣẹ́ ọnà. Ó ní àròkọ òun gan-an wà lára ìkẹrin yìí.

Nínú ọ̀nà ìkẹrin yìí ni ìdáhùn ìbéèrè wa wà, lójú tèmi. Ẹni tó jókòó wo Rust fún wákàtí kan kò gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbọ́. Ìbẹ̀rù tirẹ̀ ló rí tí ẹlòmíràn bá a fẹnu sọ, tó dùn-ún wò, tó sì parí lásìkò. Àwọn tó ṣe eré náà pàápàá ò lè fi Rust sílẹ̀ sínú òkùnkùn: ní apá ìkẹjọ, tó parí ìtàn náà, òun fúnra rẹ̀ ti ń sọ pé ìmọ́lẹ̀ ń borí. Zapffe ò fi irú ẹ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí tirẹ̀. Ẹ wá àròkọ rẹ̀ kà, kò gùn rárá.